Ìmúrasílẹ̀ pàjáwìrì láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àgọ́ ìrànwọ́

Àgọ́ ìrànwọ́ ni ibi tí wọ́n máa ń kó àwọn tí omíyalé, iná tàbí ogun lé kúrò nílé sí. Ìmúrasílẹ̀ pàjáwìrì níbẹ̀ ni gbogbo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀ kí wàhálà míì tó tún ká àwọn èèyàn yìí mọ́ ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, NEMA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999 ló ń rí sí ọ̀rọ̀ àjálù lápapọ̀, ti ìpínlẹ̀ Èkó ni LASEMA, àwọn ló ni àgọ́ Agbowa àti Igando. Nígbà tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán ya wọ ilé àwọn ará Ajegunle lọ́nà Ìkòròdú ní 2010, Agbowa ni wọ́n kó wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ibòmíì ò ní irú ẹ̀, sùkúù ìjọba ni wọ́n máa ń lò.

Èrò tó pọ̀ jù ló máa ń kọ́kọ́ da àwọn òṣìṣẹ́ láàmú. Ìlànà Sphere tí àwọn àjọ aláàánú ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ní kí ẹnì kan ní ààyè tí kò dín ní mítà onígun mẹ́rin 3.5 níbi tó ń sùn, kó rí omi lítà 15 lójúmọ́, kí èèyàn 20 máa lo ilé ìgbẹ́ kan. Kíláàsì tó gùn ní mítà 8 tó fẹ̀ ní mítà 7, èèyàn 16 péré ló gbà nìyẹn, ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀ tí èèyàn ń rọ́ bọ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn, ta ló máa dá wọn padà ní géètì? Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n ti mọ àgọ́ kejì àti mọ́tò tó máa gbé àwọn tó kù débẹ̀ kí èrò tó dé.

Iná burú jù, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi tapólì àti koríko kọ́lé. Ní November 2023 iná jó àgọ́ Muna ní Maiduguri, ọ̀pọ̀ ahéré ló lọ sí i. Mítà 2 ó kéré tán ló yẹ kó wà láàárín ahéré kan sí èkejì, ibi ìdáná sì gbọ́dọ̀ dá wà. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé rárá, èéfín ẹ̀ máa ń pa èèyàn lójú oorun. Kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn tún ńkọ́? Tó bá wà lápò ọ̀gá tó ti lọ sílé, géètì yẹn ò wúlò.

Kọ́lẹ́rà ò ní kéde kó tó dé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ bí omi, yàrá ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n fún un ní ORS, ìyẹn oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, lójú ẹsẹ̀, tí kò bá sí, ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, pẹrẹsẹ ni o, sínú omi tó mọ́ lítà kan, kí wọ́n sì máa wá bí á ṣe dé ọsibítù. Ọsibítù kan ò tó láti kọ sílẹ̀ o: nígbà tí dáàmù Alau ya ní September 2024, omi wọ ọsibítù Yunifásítì Maiduguri fúnra ẹ̀.

Rẹ́jísítà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí kò jáde nígbà tí iná bá sọ, àti ọmọ tí kò ní òbí níbẹ̀, torí náà orí ìwé ló yẹ kó wà pẹ̀lú, nítorí fóònù máa ń kú. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112, àti 767 l'Ékòó, á wà lára ògiri. Àwọn òṣìṣẹ́ náà lè ní ilé tí omi ti gbé, wọn ò ní lè wá síṣẹ́, ẹni méjì ló yẹ kó mọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.