Àṣẹ àánú: nígbà tí gómìnà bá foríji ẹlẹ́wọ̀n

Bí rédíò bá sọ ọ́ n'Ílọrin pé gómìnà ti foríji àwọn kan lẹ́wọ̀n Òkè-Kúrá tàbí Màǹdálà, ohùn méjì lẹ óò gbọ́ ládùúgbò. Àwọn kan á ní kí Ọlọ́run san án fún un. Àwọn kan á bèèrè pé ṣé lásán wá ni adájọ́ jókòó dájọ́ ni. Ìbéèrè yẹn kò burú, inú òfin fúnra rẹ̀ sì ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Àṣẹ àánú ni mo ń pe agbára yìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 212, fi í lé gómìnà lọ́wọ́ fún ẹni tó rú òfin ìpínlẹ̀. Abala 175 fi í lé ààrẹ lọ́wọ́ fún ẹni tó rú òfin àpapọ̀. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ dá a ṣe láì fi ọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀. Wọ́n lè foríji èèyàn pátápátá, pẹ̀lú àdéhùn tàbí láìsí. Wọ́n lè dá ìyà rẹ̀ dúró. Wọ́n lè fi ìyà tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó wúwo. Wọ́n sì lè dín in kù.

Ẹ má fi àforíjìn pe ìdáláre o. Ẹni tí kò jẹ̀bi, kí la fẹ́ foríjì í fún?

Bàbá kan tó ń hun aṣọ òkè ládùúgbò wa ló jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ná owó òwú oníbàárà. Àwọn àgbà wá bẹ̀bẹ̀, ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ò sọ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "O jalè. Wàá hun aṣọ yẹn, wàá sì san owó òwú náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò níí lé ọ." Ọmọ náà padà sídìí òfì, ojú ẹ̀ wú fún ẹkún, òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀bi rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìyà ló yí padà.

Kí ló dé tí adájọ́ ò fi ṣàánú fúnra rẹ̀? Nígbà mìíràn, òfin ló dè é lọ́wọ́. Nínú Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Kwara, abala 221, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, ikú ni. Adájọ́ ò lè ní kó di ẹ̀wọ̀n ọdún 20 nítorí pé ó ti ronú pìwà dà. Bẹ́ẹ̀ èèyàn ń yí padà. Ẹni tó wọ ẹ̀wọ̀n lọ́mọ ọdún 20 lè ti di ẹlòmíì nígbà tó bá pé 40, ìwé ẹjọ́ ò sì lè rí ìyẹn. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 2019 tilẹ̀ sọ pé bí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún bá ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tán, tí ọdún 10 sì kọjá tí wọn ò pa á, adájọ́ àgbà lè sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére.

Àṣẹ yìí náà lè bàjẹ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ foríji gómìnà àná méjì, Joshua Dariye ti Plateau àti Jolly Nyame ti Taraba, tí wọ́n ń ṣẹ̀wọ̀n lórí owó ìlú. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn, ó bí èmi náà. Àánú tó mọ ọ̀nà ilé ọlọ́lá, tí kò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ ọmọ tálákà tó jí fóònù, ojúsàájú ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Nínú Kùránì, Súrà Bàkárà ẹsẹ 178, ẹbí ẹni tí wọ́n pa ni àforíjìn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè yọ̀ǹda, kí wọ́n gba owó ẹ̀mí. Abala 212 ò dárúkọ ẹbí rárá. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní Àjàsẹ́ Ìpo lè wà nídìí ìkòkò ẹ̀kọ kó gbọ́ lórí rédíò pé ẹni náà ti ń bọ̀ nílé. Mi ò ní kí ìyá yẹn láṣẹ láti kọ̀. Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ rán ẹnìkan sí i, kó jókòó tì í, kó gbọ́ ohun tó bá fẹ́ sọ, kí gómìnà tó fọwọ́ sí ìwé.