Òtútù ọyẹ́ kọ́ ló ń pa ẹ̀fọ́ yín

Tó bá ti di oṣù kejì báyìí l'Òṣogbo, tí ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́ àmọ́ tí ò tíì lọ tán, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé pé òtútù ti pa tẹ̀tẹ̀ àwọn. Òtútù kọ́ o. Òtútù tó ń pa ewé kíá ni èyí tí omi inú ewé fi ń dì, ìyẹn sì di 0 dígírì. Òwúrọ̀ tá a fi ń wá súwẹ́tà kiri níbí, bíi 17 tàbí 18 náà ni, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ lọ wo àwọn tó ń ro àkùrọ̀ létí odò Ọ̀ṣun, ọyẹ́ kan náà ló ń fẹ́ lu ẹ̀fọ́ tiwọn, ó sì tutù yọ̀yọ̀, torí omi wà nítòsí lábẹ́ ilẹ̀, gbòǹgbò ń rí i fà.

Afẹ́fẹ́ tó gbẹ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣẹ́ ẹ rí jíìnsì tá a fọ̀ nínú oṣù keje, ó lè lo ọjọ́ méjì lórí okùn kó ṣì máa rùn, àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́, kí oòrùn tó kàn àtàrí ó ti gbẹ, ó ti gan, bẹ́ẹ̀ òtútù ṣì ń mú ẹni tó sá a. Afẹ́fẹ́ tó gba orí Sàhárà kọjá, tó ń kó eruku ilẹ̀ Chad bọ̀, ò ní omi nínú, ibi tó bá ti bá omi ló ti ń gbà á. Ewé náà, aṣọ tí a sá ni, àfi pé aṣọ ò ní ilẹ̀kùn, ewé ní.

Ilẹ̀kùn yẹn gan-an ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Abẹ́ ewé kún fún ihò wínníwínní tójú lásán ò lè rí, ètè méjì ló yí ihò kọ̀ọ̀kan ká. Tí omi bá kún inú ètè yẹn á wú, á tẹ̀ kọrọdọ, ihò á ṣí. Tí omi bá dín kù, á rọ̀, ihò á pa dé. Gbòǹgbò pàápàá, tí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ, á fi kẹ́míkà kan ránṣẹ́ sókè pé kí wọ́n tì í. Omi tí wọ́n fẹ́ ṣọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ihò yìí náà ni afẹ́fẹ́ tí ewé fi ń se oúnjẹ ń gbà wọlé. Tó bá ti tì í, omi dúró, oúnjẹ náà dúró. Tẹ̀tẹ̀ tiẹ̀ gbọ́n ju ewédú lọ níbẹ̀, kí ihò ẹ̀ ṣí díẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ tó rí á tó o lò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ á fi dúró sójú kan, kò kú, kò ga, àwa á wá rò pé ajílẹ̀ ló ń wá, a ó da fatiláísà lé e lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìyẹn á tún máa bá gbòǹgbò du ìwọ̀nba omi tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, omi wẹ́rẹ́ tá a ń wọ́n sórí ewé lọ́sàn-án yẹn, afẹ́fẹ́ là ń bu omi fún. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bomi rin ín tán, òkè á tutù, kí ìka tó dé oríkèé kejì ẹ ó ti bá eruku. Ìdájí ni kẹ́ ẹ bomi sí i, nídìí, kó rin dénú, torí òwúrọ̀ kùtù tí afẹ́fẹ́ ò tíì le ni ihò yẹn máa ń rí àyè ṣí dáadáa. Kẹ́ ẹ wá kó koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ojú ilẹ̀, kẹ́ ẹ ri imọ̀ ọ̀pẹ síbi tí atẹ́gùn ń gbà wá. Ikán nìkan ló yẹ ká ṣọ́ lábẹ́ koríko yẹn, ká máa ṣí i wò, tó bá ti ń mọ erùpẹ̀ sí i, ká kó o dà nù ká fi tuntun sí i.