Títú Sílẹ̀ Ni Ọgbọ́n Hímóglóbìn

Dídi ọ́síjìn mú kò ṣòro. Irin tí wọ́n gbé sínú òjò ń dì í mú lójoojúmọ́, yóò sì máa dì í mú títí yóò fi dípẹtà tán. Irin náà ló wà nínú hímóglóbìn, purotéènì tó kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ wa. Iṣẹ́ tó le ni pé kí irin yìí gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó gbé e rìn, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láìjanpata nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹran ara tó nílò rẹ̀. Bí kò bá sí ìjọ̀wọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè kún fún ọ́síjìn bámúbámú kí ẹni tó ni ín sì kú.

Mayoglóbìn ló máa jẹ́ ká rí i kedere. Ìbátan hímóglóbìn ni, inú ẹran ara ló ń gbé, òun náà ní irin, òun náà ń di ọ́síjìn mú, àmọ́ okùn kan ṣoṣo ni, kò ní ẹnìkejì. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, agbára tí ọ́síjìn fi ń ti ara rẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bíi 100, tí a bá fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọ̀n ọ́n. Níbẹ̀, àwọn méjèèjì á kún dẹ́nu. Nínú ẹran ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré, agbára yẹn lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 20. Tí hímóglóbìn bá fi máa kúrò níbẹ̀, á ti já nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Mayoglóbìn ní tirẹ̀ ṣì di nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá mú. Ó dára fún ìpamọ́, nítorí ẹ̀ ló ṣe ń gbé inú ẹran, ṣùgbọ́n kò ṣe é rán níṣẹ́.

Kí ló wá fà á tí irin kan náà fi ń hùwà méjì? Ìdáhùn náà wà nínú bí okùn mẹ́rin ṣe wé mọ́ra di hímóglóbìn kan. Méjì jẹ́ ti álífà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní amínò ásíìdì 141, ìyẹn àwọn ẹyọ tí wọ́n tò tẹ̀ léra di okùn purotéènì. Méjì jẹ́ ti bẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 146. Okùn kọ̀ọ̀kan ní òrùka kan tí irin wà láàárín rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ́síjìn máa ń jókòó. Àwọn irin mẹ́rin náà jìnnà síra wọn, wọn ò kan ara wọn rárá. Síbẹ̀, bí ọ́síjìn bá ti jókòó sórí ọ̀kan, ó máa ń rọrùn fún èyí tó kàn láti jókòó sórí òmíràn.

Ẹni tó bá ti wo onílù dùndún dáadáa ti rí irú nǹkan yìí rí. Ojú awọ ni kọ̀ǹgọ́ ń lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú awọ ni ọwọ́ òsì onílù ń tẹ̀. Ọsán tó so ojú méjèèjì pọ̀ ló ń fún, ní ìhà ìlù, níbi tí kọ̀ǹgọ́ kì í dé. Ó fún un, ohùn lọ sókè. Ó dẹ̀ ẹ́, ohùn wálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ló yí ohùn tó ń jáde lọ́hùn-ún padà, nítorí pé gbogbo ara ìlù ló so kọ́ra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hímóglóbìn: ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń pàṣẹ fún un kì í dé ọ̀dọ̀ irin rárá, ara ọsán ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ibì kan péré ni ìlù yìí ti yàtọ̀ sí dùndún. Lórí dùndún, lílù ojú kan kì í fún ọsán. Nínú hímóglóbìn, ojú mẹ́rin ló wà, ọ́síjìn tó bá sì jókòó sójú kan ti fa ọsán ojú mẹ́ta tó kù.

Ìrísí méjì ni hímóglóbìn ní. Nínú ọ̀kan, gbogbo ara rẹ̀ le, ó fún pinpin, kò sì fẹ́ ọ́síjìn. Nínú èkejì, ara rẹ̀ dẹ̀, ó sì ń gba ọ́síjìn tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó le ní T, wọ́n ń pe èyí tó dẹ̀ ní R. Ní 1965, Jacques Monod, Jeffries Wyman àti Jean-Pierre Changeux gbé àlàyé kan jáde tó ṣì ń tọ́ àwọn èèyàn sọ́nà dòní. Wọ́n ní ọ́síjìn kọ́ ló ń dá ìrísí kejì sílẹ̀. Purotéènì náà fúnra rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ìrísí méjèèjì, kódà nígbà tí ohunkóhun kò kàn án. Ohun tí ọ́síjìn ń ṣe ni pé ó ń mú kí èyí tó dẹ̀ pẹ́ sí i. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé purotéènì dúró gbagidi bí òkúta títí nǹkan kan á fi wá lù ú. Purotéènì kì í dúró. Ó ń mì, ó ń yí, ohun tó bá dì mọ́ ọn kàn ń fi kún ìhà kan ni.

Báwo gan-an ni ọ́síjìn ṣe ń fa ọsán náà? Ibí yìí ló yẹ kí ọwọ́ falẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ọ́síjìn, irin tóbi díẹ̀ ju àárín òrùka rẹ̀ lọ, kò lè wọlé tán, ó yọrí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọ́síjìn bá ti dì mọ́ ọn, irin náà á sún kì, á sì bọ́ sí àárín òrùka. Bí a bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù 100, ìrìn tí irin yẹn rìn kò ju nǹkan bíi mẹ́rin nínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irin náà kò dá wà. Amínò ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní histidine dì mọ́ ọn lẹ́yìn, irin á sì fà á lọ́wọ́. Histidine á fa apá okùn tó wà lára rẹ̀. Apá okùn yẹn á ti ojú oríkèé tí okùn yìí àti èyí tó wà lódìkejì ti pàdé. Àwọn ìdè tó mú ara hímóglóbìn le á bẹ̀rẹ̀ sí í já, títí ìdajì purotéènì náà á fi yí nǹkan bí ìwọ̀n 15 lórí ìdajì kejì, nínú 360 tó pé òbírí. Ìrìn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló bí ìyípadà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Max Perutz ló to àlàyé yìí lẹ́sẹẹsẹ ní 1970. Ọmọ Vienna ni, ó dé Cambridge ní 1936, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtànṣán X wo hímóglóbìn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì lé ní ogun ọdún kó tó rí ìrísí rẹ̀. Òun àti John Kendrew, tó rí ìrísí mayoglóbìn, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ fojú rí i pé ìrísí yẹn ń yí padà ni Felix Haurowitz, ní Prague, ní 1938. Ó ń wo kírísítálì hímóglóbìn tí kò ní ọ́síjìn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ìyẹn ègé líle tí hímóglóbìn tò jọ lẹ́sẹẹsẹ dì, pẹlẹbẹ ni wọ́n, àwọ̀ wọn sì jọ àwọ̀ àlùkò. Bí ọ́síjìn ṣe yọ́ wọlé, àwọn kírísítálì náà tú ká, àwọn mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó pupa fòò, sì rọ́pò wọn. Kírísítálì kì í tú bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi tò ó ti yí ìrísí padà.

Àwọn ọwọ́ mìíràn tún wà tó ń tẹ ọsán yìí. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni èròjà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní 2,3-BPG. Kì í lọ sọ́dọ̀ irin. Àárín hímóglóbìn, níbi tí ihò kan wà láàárín okùn bẹ́tà méjèèjì, ló máa ń há sí, ẹyọ kan ṣoṣo fún hímóglóbìn kan. Nígbà tí hímóglóbìn bá le nìkan ni ihò yẹn gbà á, nítorí náà bó bá ti há síbẹ̀, ṣe ló ń dá hímóglóbìn dúró sí ìrísí líle, tí kò fi ní di ọ́síjìn mú jù. Láìsí rẹ̀, hímóglóbìn máa ń ṣe ahun. Ẹni tó bá lọ gbé lórí òkè gíga, tí ọ́síjìn kò ti pọ̀, èròjà yìí máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì fi pamọ́ sí báńkì ẹ̀jẹ̀ máa ń pàdánù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ inú oyún náà ń jàǹfààní níbẹ̀: hímóglóbìn tirẹ̀ fi okùn gámà rọ́pò bẹ́tà, ihò rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gba 2,3-BPG. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tètè jọ̀wọ́ ọ́síjìn bíi ti ìyá rẹ̀, tó fi ń rí i gbà lọ́wọ́ ìyá.

Ásíìdì àti carbon dioxide náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Christian Bohr àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Copenhagen ti fi ti carbon dioxide hàn láti 1904. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ kára ló ń tú èròjà méjèèjì jáde jù. Wọ́n á wọnú sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n á mú kí hímóglóbìn le, hímóglóbìn á sì já ọ́síjìn sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ọpọlọ kò ní láti ránṣẹ́. Pàǹtírí iṣẹ́ ni ìwé ìbéèrè, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ jù ló ń béèrè jù. Ó ṣòro láti rí ètò ìpínfúnni tó bá ẹ̀tọ́ mu jù báyìí lọ.

Síbẹ̀, lílọ bíbọ̀ láàárín líle àti dídẹ̀ yìí náà ló ń jẹ́ kí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ṣọṣẹ́. Amínò ásíìdì kan ṣoṣo, ìkẹfà lórí okùn bẹ́tà, ló yí padà di valine. Nígbà tí irú hímóglóbìn bẹ́ẹ̀ bá dẹ̀ tó sì ru ọ́síjìn, valine yẹn kì í rí ibi tó máa lẹ̀ mọ́. Bó bá ti jọ̀wọ́ ọ́síjìn tó sì le, ojú ibì kan á ṣí lára rẹ̀ tí valine hímóglóbìn mìíràn lè wọ̀, wọ́n á sì máa so kọ́ra di okùn gígùn tó ń fa sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ̀ bíi dòjé. Àwọn kan gbìyànjú láti fi oògùn dá a dúró sí ìrísí dídẹ̀: voxelotor gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2019 nítorí iṣẹ́ yìí gan-an. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé iṣẹ́ Pfizer kó o kúrò lórí igbá níbi gbogbo, wọ́n ní àǹfààní rẹ̀ kò borí ewu rẹ̀ mọ́. Hímóglóbìn tó ṣòro láti jọ̀wọ́ ọ́síjìn kì í ṣe ohun téèyàn ń fẹ́ láìronú jinlẹ̀, bó tilẹ̀ gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ títẹ̀.

Èyí ló mú wa dé orí èéfín jẹnẹrétọ̀. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe ìròyìn tuntun mọ́ pé wọ́n bá ìdílé kan lókùú láàárọ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé. Àwọn kan á ní èéfín ló dí wọn nímú. Carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í sì í dí imú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kàwé á ní ó gba ààyè ọ́síjìn lórí irin, nítorí pé ó ń dì mọ́ irin ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àlàyé inú ìwé sábà máa ń dúró sí, dídúró yẹn sì ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn méjì wéra. Ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan dín kù títí hímóglóbìn rẹ̀ fi ku ìdajì. Ojú rẹ̀ á funfun, á máa rẹ̀ ẹ́, á máa mí hẹlẹhẹlẹ tó bá gun àtẹ̀gùn, àmọ́ ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn. Ẹnìkejì ní hímóglóbìn rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n carbon monoxide ti gba ìdajì àwọn irin rẹ̀. Ẹni yẹn ti dákú, ó sì lè má jí mọ́. Bó bá jẹ́ pé gbígba ààyè nìkan ni ọ̀ràn náà, ìyà kan náà ló yẹ kó jẹ wọ́n.

Ìrísí ni ìyàtọ̀ wọn. Nígbà tí carbon monoxide bá jókòó sórí irin méjì nínú mẹ́rin, ó fa ọsán gẹ́gẹ́ bí ọ́síjìn ṣe ń fà á, hímóglóbìn náà á sì dẹ̀. Kì í sì í tètè lọ, nítorí náà kì í rọrùn fún ara hímóglóbìn náà láti le mọ́. Irin méjì tó kù ṣì ru ọ́síjìn, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ àti ọkàn, wọ́n sì tún gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ásíìdì ń pè wọ́n, carbon dioxide ń pè wọ́n, wọn ò lè dáhùn bó ṣe yẹ. Gáàsì yìí ní ibòmíràn tó ń bà jẹ́ nínú ara, ṣùgbọ́n èyí ni kì í jẹ́ kí ìṣirò ààyè lásán bá ohun tí ojú ń rí mu. John Scott Haldane, tó fi ara rẹ̀ dán gáàsì náà wò ní 1895, wà lára àwọn tó fi hàn lẹ́yìn náà pé ó ń mú kí hímóglóbìn tó kù rọ̀ mọ́ ọ́síjìn.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún ẹni tó fa gáàsì náà ní ọ́síjìn púpọ̀ láti inú ìbòjú ní kíákíá. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ìdajì carbon monoxide tó kúrò lára hímóglóbìn. Pẹ̀lú ọ́síjìn ògidì, àkókò náà lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kò ṣe é gbára lé fún un. Àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń kà, hímóglóbìn tó ru carbon monoxide sì pupa bí èyí tó ru ọ́síjìn, nítorí náà ó lè kọ 98 nínú ọgọ́rùn-ún sójú fún ẹni tó ń kú lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn ní láti sọ ọ́ jáde fún dókítà pé jẹnẹrétọ̀ kan ń ṣiṣẹ́ nítòsí, kí wọ́n lè wọn carbon monoxide fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.