Borrow àti lend: iṣẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí "yá" nìkan ń ṣe

"Borrow me your biro." Olùkọ́ á ní kò dáa, lend ni kó lò. Ọmọ á sọ lend lójú olùkọ́, ṣùgbọ́n kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, borrow náà ló tún máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. Kì í ṣe olóríkunkun. Èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà kò pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì rí, ohun tó sì wà lórí ahọ́n rẹ̀ ló ń gbé sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo bí tiwa ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. "Mo yá Kúnlé lówó." "Mo yá owó lọ́wọ́ Kúnlé." Nínú ti àkọ́kọ́, Kúnlé ló jẹ gbèsè. Nínú ìkejì, ọrùn èmi ni gbèsè wà. Yá kan náà ló wà níbi méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbé ọ̀kan fún èkejì. Ohun tó tẹ̀lé yá lẹ́yìn ni etí ń wò. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló tẹ̀lé e, nǹkan ń jáde lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú. Bó bá jẹ́ nǹkan ló tẹ̀lé e, ó ń wọlé ni, "lọ́wọ́" á sì wá sọ ibi tó ti wá. "Mo fi ìwé yá a" náà wà, níbi tí "fi" ti tú àṣírí pé ìwé ti kúrò nílé. Yá fúnra rẹ̀ kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ohun tó ń sọ kò ju pé nǹkan kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí èkejì, ó sì ń padà bọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì kò fi èyí sílẹ̀ fún ìtò ọ̀rọ̀. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an ló fi í sí. Ẹni tó gbà á ló ń borrow, ẹni tó fún un ló ń lend. Ìwé kan ṣoṣo tó ti ọwọ́ Kúnlé dé ọwọ́ mi lè di I borrowed a book from Kunle tàbí Kunle lent me a book. Kí ẹnu tó là, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun dúró sí. Borrow máa ń rìn pẹ̀lú from, kò sì fàyè gba kí ènìyàn tẹ̀ lé e gbọọrọ. Lend ló fàyè gba ìyẹn: lend me, lend her, tàbí kó lo to. Ìdí nìyẹn tí borrow me fi ń ta létí Òyìnbó, bíi pé ìwọ fúnra rẹ ni kí wọ́n wá yá lọ, bí àga òde àríyá.

Lórí báírò, ẹ̀rín lásán ni. Lórí owó, ọ̀rọ̀ lè wọ́. Ẹ jẹ́ ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kọ ọ́ sínú ìwé pé I borrowed Kunle 20,000 naira. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé Kúnlé ló máa san án. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá dé iwájú oníṣirò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó máa rò ni pé wọ́n gbàgbé from. Bó bá fi from sí i, akọ̀wé di ajigbèsè, Kúnlé sì di ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni. Ará Jámánì ń lo leihen fún fífúnni àti gbígbà, ará Holland ń lo lenen bẹ́ẹ̀, låna sì ni ti Sweden. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ní Wisconsin àti Minnesota tí àwọn ará Jámánì àti ará Scandinavia pọ̀ sí, àwọn funfun tí kò gbọ́ Yorùbá rí náà ń sọ borrow me. Kódà inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, borg ni ẹ̀jẹ́ tàbí ohun ìdúró tí wọ́n fi ń ṣe onígbọ̀wọ́, irú èyí tí à ń wá onídùúró fún lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá lónìí. Ara rẹ̀ ni borrow ti jáde. Ẹni tó fi nǹkan dúró kó tó gba owó ni. Lend ní tirẹ̀ kò ní d lẹ́nu nígbà náà. Lǣnan ni wọ́n ń pè é, ara bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá ni d ti yọ́ wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i bí lend ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ hàn, kó wo ogun àgbáyé kejì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1940, owó ti fẹ́ tán lápò Bìrìtéènì, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt, sì ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa fi ohun ìjà ràn án lọ́wọ́. Ó ní bí ilé aládùúgbò òun bá gbiná, tó sì jẹ́ pé rọ́bà tí òun fi ń bomi rin ọgbà ló lè pa á, òun kò ní sọ pé dọ́là 15 ni òun rà á, kó kọ́kọ́ sanwó. Rọ́bà òun ni òun máa gbà padà bí iná bá kú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1941, ó fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Lend-Lease, tó jẹ́ kí Amẹ́ríkà lè yá Bìrìtéènì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ohun ìjà. Ẹni tó ń fúnni ló sọ ọ́ lórúkọ. Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe ìkómọ rẹ̀ ni, bóyá borrow ni ì bá wà níbẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Robert Taft tó ta ko òfin náà ní yíyáni ní ohun ìjà dà bíi yíyáni ní ṣingọ́ọ̀mù, ta ló fẹ́ gbà á padà? Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó mú ìtumọ̀ lend níbi tó ti dùn ún jù: ohun tí kò bá ní padà, fífúnni ni, kì í ṣe yíyáni.

Loan wá ńkọ́? Orúkọ ni fún ẹ̀yáwó, àwọn ará Scandinavia ló mú un wọ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà ń lò ó bí ọ̀rọ̀ ìṣe dípò lend, àwọn kan ní Bìrìtéènì sì ń yínmú sí i. Àwíjàre wọn kò tó nǹkan lójú tèmi, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ owó tàbí ohun tí ọwọ́ lè gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́, lend a hand ni. Kò sẹ́ni tó ń loan ọwọ́.

Ibi kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì kò ti rántí òfin ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí èdè kan gbà lọ́wọ́ èdè mìíràn, ó ń pè é ní loanword, ó tún ń pè é ní borrowing, ohun kan náà ni. Loanword fúnra rẹ̀, ara Lehnwort ti Jámánì ni wọ́n ti tú u. Àyálò ni tiwa. Báírò tí ọmọ yẹn ń wá láàárọ̀ jẹ́ ọ̀kan. László Bíró, ará Hungary tó gbàwé àṣẹ lórí gègé oníbọ́ọ̀lù ní Bìrìtéènì lọ́dún 1938, ló ni orúkọ náà. Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ rẹ̀, àwa náà yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí nínú wa tó ń gbèrò àtidá a padà.