Ìlú Tí Ìjì Líle Wó: Ta Ló Ń Rọ́nà Padà Sí I?

Ó ṣọ̀wọ́n kí ìlú tí ìjì líle wó pa rẹ́ pátápátá. Indianola, ìlú etíkun kan ní Texas, wà lára àwọn díẹ̀ tó pa rẹ́: ìjì kọlù ú ní 1875, òmíràn tún dé ní 1886, àwọn tó kù sì kó kúrò níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló máa ń tún dìde, torí pé odò, èbúté tàbí òwò tó mú kí wọ́n tẹ̀ wọ́n dó kì í bá ìjì lọ. Ohun tó ṣòro láti mọ̀ ni iye àwọn ará ìlú tí yóò bá ìlú náà dìde. Ọ̀rọ̀ oríire sì kọ́ nìyẹn. Ètò ló ń pinnu rẹ̀: owó tó tètè dé àti èyí tó pẹ́, ẹni tí òfin kà sí onílé, ìgbà tí iná dé àti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣí. New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni a ti lè rí gbogbo rẹ̀ kedere.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005 ni ìjì Katrina dé. Omi ló ba ìlú náà jẹ́ ju atẹ́gùn lọ. Ìjì náà ti omi òkun wọ inú àwọn ojú omi tí wọ́n gbẹ́ gba àárín ìlú, àwọn ògiri tó yẹ kó dá omi náà dúró sì ya ní ibi púpọ̀: ní 17th Street Canal, ní London Avenue Canal, àti ní Industrial Canal tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò Lower Ninth Ward. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà ló wà lábẹ́ omi. Gbogbo àwọn tí ìjì náà pa lé ní 1,300. Àwọn ògiri kan nínú wọn ti wó kí omi tó ga dé orí wọn rárá, nígbà tó sì di 2006, U.S. Army Corps of Engineers, àjọ tó kọ́ wọn, gbà pé àṣìṣe wà nínú ètò tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ó yẹ ká rántí èyí nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ní àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn fa àjálù náà.

Nǹkan bí ìdajì ìlú náà ni ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa omi inú rẹ̀ jáde kí wọ́n lè kọ́lé sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń rì. Ìlú náà wá dà bí abọ́: omi tó bá wọ inú rẹ̀ kò lè ṣàn jáde fúnra rẹ̀, àfi kí ẹ̀rọ fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ ní láti dí àwọn ibi tó ya, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, ìjì Rita dé nínú oṣù Kẹsàn-án, omi sì tún ya wọ àwọn àdúgbò kan. Ó di oṣù Kẹwàá kí ilẹ̀ tó gbẹ.

Ilé tó wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í ṣe ilé tí èèyàn lè gbálẹ̀ rẹ̀ kó sì wọ̀ ọ́. Èbu ti bo ògiri rẹ̀ dókè, wáyà iná ti bà jẹ́, wọ́n sì ní láti tú inú rẹ̀ palẹ̀ títí yóò fi ku igi tó gbé e dúró. Owó ńlá nìyẹn. Bí owó bá tilẹ̀ wà, ìṣòro mìíràn ṣì ń dúró. Ilé-iṣẹ́ iná kò fẹ́ tún wáyà ṣe ní òpópónà tí kò séèyàn. Ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣí láìsí ọmọ, òbí kì í sì kó ọmọ wá síbi tí kò sí ilé ẹ̀kọ́. Ọlọ́jà ń wo oníbàárà, oníbàárà ń wo ọlọ́jà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tún ilé tirẹ̀ ṣe lè rí i pé òun nìkan ló ń gbé láàárín àwọn ahoro, kí ilé náà má sì níye lórí mọ́. Nítorí náà, onílé kọ̀ọ̀kan ń wo aládùúgbò rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Ìwòra-ẹni yìí lè pa àdúgbò kan tí ìjì kò rí pa.

Ohun tó ń tú ìdè yìí ni kí àwọn ará àdúgbò jọ pinnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Village de l'Est, níhà ìlà-oòrùn ìlú náà, àwọn ọmọ Vietnam tó ń ṣe ìjọ Mary Queen of Vietnam wà lára àwọn tó kọ́kọ́ padà. Ìjọ wọn ti mọ ibi tí oníkálukú sá lọ. Wọ́n kó orúkọ àwọn tó fẹ́ padà jọ, wọ́n sì fi hàn ilé-iṣẹ́ iná pé oníbàárà wà. Ní àdúgbò Broadmoor, ìbínú ló kó àwọn ará ibẹ̀ jọ. Nínú oṣù Kíní 2006, ìwé ìròyìn gbé àwòrán ètò kan jáde tó fi àmì roboto aláwọ̀ ewé sórí àwọn àdúgbò kan, èyí tó fi hàn pé wọ́n lè sọ ibẹ̀ di pápá. Kò sẹ́ni tó bi àwọn onílé. Àwọn ará Broadmoor ṣèpàdé, wọ́n kọ ètò tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì padà sílé.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù, torí pé inú òfin rẹ̀ ni ìyà pa mọ́ sí. Adójútòfò ilé lásán ní Amẹ́ríkà ń sanwó ohun tí atẹ́gùn bà jẹ́. Kì í san ti àkúnya omi. Ọ̀tọ̀ ni ti omi, ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣètò rẹ̀ láti 1968, 250,000 dọ́là sì ni èyí tó pọ̀ jù tó lè san fún ilé kan. Lẹ́yìn Katrina, àìmọye ẹjọ́ ló dá lórí bóyá atẹ́gùn ló kọ́kọ́ wó ilé kan tàbí omi, nígbà tó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ìjọba wá gbé ètò Road Home kalẹ̀, tó lè fún onílé ní tó 150,000 dọ́là. Iye tí ilé tó lórí ọjà ṣáájú ìjì àti iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò ná ni wọ́n ń fi wéra, èyí tó bá kéré ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ó jọ ohun tó tọ́, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Bí ilé méjì bá rí bákan náà, tí omi sì ba wọ́n jẹ́ bákan náà, owó símẹ́ǹtì, pákó àti iṣẹ́ ọwọ́ kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó wà ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú kì í tó ti àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun lórí ọjà, nítorí ìyàsọ́tọ̀ tó ti wà tipẹ́. Onílé kan rí owó tó máa kọ́lé tán, èkejì rí èyí tó máa dé ìdajì. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní 2008, ó sì parí sí àdéhùn mílíọ̀nù 62 dọ́là ní 2011, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ilé sẹ́yìn. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ débẹ̀. Ilé tí bàbá ńlá fi sílẹ̀, tí ẹbí ń jogún láti ìran dé ìran láìyí orúkọ inú ìwé padà, pọ̀ ní Lower Ninth Ward. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kò lè tètè fi hàn pé òun ni onílé.

Ti ayálégbé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé onílé ni Road Home ń fún lówó. Owó ilé gbówó lórí, ìjọba sì wó ọgbà ilé ńlá mẹ́rin tó kọ́ fún àwọn tí kò rí jájẹ, tí àyè ìdílé bí 4,500 wà nínú wọn. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 7,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Charity Hospital, níbi tí àwọn aláìní ti ń gbàtọ́jú, kò ṣí mọ́. 2015 ni èyí tó rọ́pò rẹ̀ tó ṣí.

Ìkànìyàn sọ ìyókù. Èèyàn 484,674 ló wà ní New Orleans ní 2000, 343,829 ní 2010, àti 383,997 ní 2020. Láàárín 2000 sí 2010, àwọn aláwọ̀ dúdú tó dín lé ní 100,000. Òótọ́ ni pé ìlú náà ti ń dín kù tipẹ́, torí ó ju 620,000 lọ ní 1960. Ìjì sábà máa ń mú kí ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ yára sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Galveston, ní Texas, níbi tí ìjì ọdún 1900 ti pa èèyàn tí kò dín ní 6,000. Wọ́n mọ odi sí etíkun, wọ́n fi jáàkì gbé àwọn ilé sókè, wọ́n sì fa iyanrìn sábẹ́ wọn títí ilẹ̀ ìlú fi ga. Nígbà tí ìjì ńlá mìíràn dé ní 1915, àwọn tó kú kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìlú náà là á já, àmọ́ Houston, ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, ti gbẹ́ ojú omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 1914, òwò sì ṣí lọ síbẹ̀.

New Orleans náà ti ní odi tuntun. Ó ju bílíọ̀nù 14 dọ́là lọ tí wọ́n ná sórí ògiri, géètì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, títí kan ìdènà kan tó gùn tó kìlómítà mẹ́ta nítòsí Lake Borgne. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2021, ọdún 16 géérégé sí ọjọ́ Katrina, ìjì Ida dé, àwọn odi náà sì dúró. Iná ló kú káàkiri ìlú, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nínú ooru tó pa èèyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Louisiana wọko gbèsè, àwọn mìíràn kógbá wọlé, owó tí onílé ń san lọ́dọọdún sì fò sókè. Báńkì kì í yáni lówó sórí ilé tí kò ní adójútòfò. Ẹni tó tún ilé rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn Katrina, tí omi Ida kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tún ń ṣírò nísinsìnyí bóyá agbára òun ká a láti máa gbé inú rẹ̀.