Bí Ọjọ́ Àjíǹde Ṣe Ń Yí Padà Lọ́dọọdún

Kérésìmesì kì í kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ọdún Àjíǹde lè bọ́ sí ọjọ́ Àìkú èyíkéyìí láti 22 oṣù Kẹta títí dé 25 oṣù Kẹrin. Bó bá ṣe ń rìn ni ìsinmi ìjọba fún Ọjọ́ Ẹtì Rere àti ọjọ́ Ajé Àjíǹde ń tẹ̀ lé e ní Nàìjíríà, fún onígbàgbọ́ àti ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́. Ìṣirò ló wà nídìí rẹ̀.

Àsìkò Àjọ Ìrékọjá ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, òṣùpá sì ni àwọn Júù fi ń ka oṣù. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí ìlú Nísíà (ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní) lọ́dún 325, wọ́n fẹnu kò pé ọjọ́ Àìkú kan náà ni kí gbogbo ìjọ máa ṣe Àjíǹde. Ìlànà tó wá fìdí múlẹ̀ ni pé kí a wá òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti 21 oṣù Kẹta, ìgbà tí ọ̀sán àti òru ń gùn dọ́gba. Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e ni Àjíǹde.

Kí ló dé tí wọn kò kàn gbójú sókè wo òṣùpá? Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni kò jẹ́. Ọjọ́rú Eléérú ti gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ 46 ṣáájú Àjíǹde, nígbà tí òṣùpá tí à ń wí kò tíì yọ rárá. Àfi kí wọ́n ṣírò rẹ̀ sílẹ̀.

Oṣù òṣùpá méjìlá jẹ́ ọjọ́ 354, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn. Nítorí náà òṣùpá Àjíǹde ń fi ọjọ́ 11 yá sí i. Tó bá ti fẹ́ ṣáájú 21 oṣù Kẹta, òṣùpá tó tẹ̀ lé e la ó mú, ìyẹn á sì fi ọjọ́ 19 pẹ́ ju ti èṣí. Lọ́dún 2024, 25 oṣù Kẹta ni òṣùpá náà. 2025, 13 oṣù Kẹrin. 2026, 2 oṣù Kẹrin. 2027, 22 oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ọdún 19, àyípo náà á tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, fi 19 pín ọdún, kí o wo ohun tó ṣẹ́kù. Ti 2026 ṣẹ́ ku 12. Lórí àtẹ ìjọ, ìyẹn àtẹ tí wọ́n ṣírò ọjọ́ òṣùpá Àjíǹde sílẹ̀ sí, 12 ń tọ́ka sí 2 oṣù Kẹrin. Ọjọ́bọ ni ọjọ́ náà, Àjíǹde sì di ọjọ́ 5.

Àmọ́ kàlẹ́ńdà Julius Caesar, tí ìjọ ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún oòrùn gidi lọ. Kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọdún 1500 ó lé, ọ̀sán àti òru ti ń dọ́gba ní nǹkan bí 11 oṣù Kẹta. Póòpù Gregory Kẹtàlá tún un ṣe lọ́dún 1582. Oníṣègùn kan, Aloysius Lilius, ló gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Christopher Clavius, àlùfáà Jésúìtì tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, ló ṣàlàyé rẹ̀ fáyé. Wọ́n yọ ọjọ́ 10 dànù: ẹni tó sùn ní 4 oṣù Kẹwàá jí sí ọjọ́ 15.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì San Petronio ní ìlú Bologna ní Ítálì, Giovanni Cassini, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, fa ìlà gígùn kan sórí ilẹ̀ lọ́dún 1655, ihò kékeré sì wà lókè àjà. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn á gba ihò náà wọlé, á tàn roboto sórí ìlà. Bí ọdún ṣe ń yí ni ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ sókè sódò lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọdún oòrùn. Ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ àti sáyẹ́ǹsì kò lè jọ gbé, kó lọ wo ilẹ̀ ilé Ọlọ́run yìí.

Àtẹ ìjọ àti ojú ọ̀run máa ń ṣe gbólóhùn asọ̀ nígbà míì. Lọ́dún 2019, òṣùpá ràn mọ́jú ní 21 oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n àtẹ ti ka ti oṣù yẹn sí ọjọ́ 20, Àjíǹde sì di 21 oṣù Kẹrin. Àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Gíríìsì àti Etiópíà ṣì ń fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ ṣírò; 12 oṣù Kẹrin ni tiwọn lọ́dún 2026. Ní Bìrìtìkó, ilé aṣòfin ṣòfin lọ́dún 1928 pé kí Àjíǹde dúró sójú kan, ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Sátidé kejì oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ìjọ. Wọn ò tíì mú un lò.