Kí ni títọ́jọ́ túmọ̀ sí lára ohun tí a fi bo òde ilé?

Bí wọ́n bá ní ohun ìkọ́lé kan tọ́jọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ó le tàbí pé ó nípọn ni. Níbi tí oòrùn ti ń mú, tí ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́, tí ìjì sì máa ń jà, líle nìkan kò tó. Títọ́jọ́ níbẹ̀ ni pé kí nǹkan náà lè rin kó sì tètè gbẹ, kó lè gbóná kó sì tutù láì sán, kí ìdè rẹ̀ má sì tú nígbà tí ìjì bá ń fà á.

Orí òrùlé ni ìyà ti ń pọ̀ jù. Páànù onírin máa ń dógùn-ún, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi síńkì bò ó. Síńkì yìí kì í ṣe aṣọ lásán: bí nǹkan bá ha páànù náà tí irin fi yọjú, síńkì tó yí ojú ọgbẹ́ náà ká ni yóò kọ́kọ́ máa jẹ dànù, tí yóò sì máa dáàbò bo irin títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi tán. Nítorí náà, bí síńkì bá ṣe nípọn tó ni páànù ṣe ń pẹ́ tó, àmọ́ iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etí òkun a máa jẹ ẹ́ kíákíá. Àlùmíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin, ṣùgbọ́n bí ó bá fara kan bàbà níbi tí omi wà, àlùmíníọ̀mù ni yóò jẹ dànù.

Ọ̀rọ̀ ìṣó ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ìjì kì í kàn ti òrùlé. Bí ó ṣe ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ni ó ń fà á sókè, etí àti igun sì ni ìfà náà ti ń le jù. Páànù a máa fẹ̀ lọ́sàn-án, a sì máa súnkì lóru, títí ìṣó yóò fi máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gun òrùlé tó ti pẹ́ yóò rí i: orí ìṣó ti gbé sókè, ihò abẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀, igi tó wà nísàlẹ̀ sì ti dúdú nítorí omi. Síkúrúù tó ní òrùka rọ́bà lábẹ́ orí ló ń dì í mú dáadáa.

Ní ti ògiri, pákó lè jẹrà bí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 20 nínú 100 lọ fún ìgbà pípẹ́, ikán kò sì jìnnà sí i. Ikán kì í jẹ pátákó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọ́n kun ojú ibi tí wọ́n ti gé e ní ọ̀dà, torí ibẹ̀ ló ti ń mu omi. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó ìka kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri, kí omi tó bá wọlé lè ṣàn sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì gbẹ ìyókù.